Ohun tí Ojú Kò Lè Rí Lára Oògùn: Àlàyé lórí Bí Kẹ́místrì Ṣe Ń Ya Ojúlówó Sọ́tọ̀ Kúrò Lára Ayédèrú

Ẹni tí ó ra iṣu lè fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́ wò, ẹni tí ó ra aṣọ lè nà án sí oòrùn, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ra hóró oògùn funfun kan kò ní ọ̀nà kankan tí yóò fi mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Ní ìlú Onitsha, ní Ìpínlẹ̀ Anambra, níbi tí afárá Odò Ọya ti so ìlú náà pọ̀ mọ́ Asaba, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ inú ìwé lásán. Ẹ̀bá afárá náà, ní ibi tí wọ́n ń pè ní Bridge Head, ni ọjà oògùn Ogbogwu wà, ọjà tí orúkọ rẹ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn, nítorí pé "ogwu" ni oògùn ní èdè Ìgbò. Láti inú àwọn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni páálí oògùn ti ń gba orí ọkọ̀ lọ sí ọ̀pọ̀ ìlú àti abúlé. Àjọ NAFDAC, tí ó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, ti ọjà náà pa ní oṣù kẹta ọdún 2007, ó sì tún tì í pa ní oṣù kejì ọdún 2025, ní àkókò kan náà tí ó ti ọjà oògùn Idumota ní Èkó àti ti Ariaria ní Aba pa.

Nígbà tí irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ bá jáde, gbólóhùn kan kì í wọ́n nínú rẹ̀: "Wọ́n ti yẹ oògùn náà wò." Bí wọ́n ṣe yẹ̀ ẹ́ wò gan-an ni kò yé ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn kan rò pé ẹ̀rọ kan wà tí ènìyàn yóò sọ hóró oògùn sí, tí ẹ̀rọ náà yóò sì kígbe pé ayédèrú ni. Kò sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ohun tí ó wà ni ẹ̀ka ìmọ̀ kan tí a lè pè ní kẹ́místrì àyẹ̀wò, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti dáhùn ìbéèrè méjì nípa ohunkóhun tí ó bá wà níwájú rẹ̀: kí ni ó wà nínú rẹ̀, àti pé báwo ni ó ṣe pọ̀ tó? Ìfiwéra ni gbogbo ìdáhùn rẹ̀ dúró lé lórí, kò sì sí ọ̀nà àyẹ̀wò kan ṣoṣo tí ó lè dáhùn gbogbo ìbéèrè. Ẹni tí ó bá lóye kókó méjì yìí ti lóye iṣẹ́ náà.

Àwọn orúkọ tí ó yẹ kí a yà sọ́tọ̀

Orúkọ kan ṣoṣo, "ayédèrú", ni àwọn ènìyàn fi ń pe gbogbo oògùn tí kò dára, bẹ́ẹ̀ sì ni oríṣi mẹ́ta ni wọ́n, tí ohun tí ó fa ọ̀kọ̀ọ̀kan sì yàtọ̀. Èkíní ni ayédèrú gan-an, èyí tí ẹnì kan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láti fi tan aráyé jẹ, yálà nípa fífi orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn bo ara rẹ̀, tàbí fífi ìyẹ̀fun lásán rọ́pò èròjà gidi, tàbí pípa ọjọ́ tí oògùn yóò kú rẹ́ kí a sì tẹ òmíràn lé e lórí. Èkejì ni oògùn tí kò kún ojú òṣùwọ̀n, èyí tí ilé iṣẹ́ tí ó ní ìwé àṣẹ ṣe láìní ète búburú, ṣùgbọ́n tí ìpòpọ̀ rẹ̀ kò dọ́gba tàbí tí èròjà tí wọ́n fi ṣe é kò mọ́. Ẹ̀kẹta ni oògùn tí ó dára nígbà tí ó kúrò ní ilé iṣẹ́, ṣùgbọ́n tí ooru àti ọ̀rinrin ti bà á jẹ́ kí ó tó dé ọwọ́ aláìsàn. Àjọ Ìlera Àgbáyé, tí ó ka ẹ̀kẹta mọ́ èkejì, fi ẹnu kò ní ọdún 2017 lórí bí wọn yóò ṣe máa pe orúkọ wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ó sì ṣírò rẹ̀ ní ọdún yẹn kan náà pé nínú oògùn 10 tí ó wà ní àwọn orílẹ̀-èdè tí kò lọ́rọ̀ púpọ̀, ó tó 1 tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ó tún yẹ kí a mọ ohun tí "èròjà gidi" túmọ̀ sí. Hóró paracetamol tí wọ́n kọ 500 mílígíráàmù sí lára máa ń wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé 500 yẹn ni ìwọ̀n èròjà tí ń lé ibà àti ìrora lọ, ìyókù sì jẹ́ èròjà ìkún, bí ìyẹ̀fun àgbàdo, tí ó ń mú kí hóró náà dì pọ̀ kí ó sì rọrùn láti gbé mì. Ìyẹ̀fun nínú oògùn, nítorí náà, kì í ṣe ẹ̀rí pé ayédèrú ni. Bí ìyẹ̀fun bá wà láìsí èròjà gidi, tàbí tí èròjà gidi kò tó iye tí wọ́n kọ, ìgbà yẹn ni ọ̀rọ̀ dé.

Ohun tí ó mú kí orílẹ̀-èdè yìí gbé ilé àyẹ̀wò kalẹ̀

Ní ọdún 1990, àwọn ọmọdé tí iye wọn lé ní 100 kú ní Ìbàdàn àti Jos lẹ́yìn tí wọ́n mu paracetamol olómi tí wọ́n fi diethylene glycol pò. Omi dídùn, tí ó ki, tí kò ní àwọ̀ ni diethylene glycol, ó sì jọ propylene glycol tí ó yẹ kí wọ́n fi yọ́ oògùn náà tó bẹ́ẹ̀ tí ojú àti ahọ́n kò fi lè mọ ìyàtọ̀ wọn, ṣùgbọ́n kíndìnrín ni ó máa ń bà jẹ́. Òfin tí ó dá NAFDAC sílẹ̀ jáde ní ọdún 1993, iṣẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ní ọdún 2001 ni wọ́n fi Dora Akunyili, apòògùn àti ọ̀jọ̀gbọ́n tí ó jẹ́ ọmọ Ìpínlẹ̀ Anambra, ṣe olórí àjọ náà. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ti kú ní ọdún 1988 lẹ́yìn tí ó gba ayédèrú oògùn àtọ̀gbẹ, ó sì máa ń sọ ọ́ ní gbangba pé ikú náà ló mú kí òun kórìíra ayédèrú oògùn. Síbẹ̀, ní ìparí ọdún 2008, diethylene glycol tún wọ inú oògùn olómi tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín, ọmọ 84 ni ìjọba sì kéde pé ó bá a lọ.

Ìgbà méjèèjì yìí kọ́ orílẹ̀-èdè lẹ́kọ̀ọ́ kan náà: kò sí ẹni tí ó lè fi ojú mọ májèlé náà, bẹ́ẹ̀ sì ni yàrá àyẹ̀wò tí ó bá ní ohun èlò yóò rí i kí ọjọ́ náà tó ṣú. Ìdí nìyí tí NAFDAC fi ní àwọn yàrá àyẹ̀wò bí èyí tí ó wà ní Yaba ní Èkó, àti èyí tí ó wà ní Agulu, ní Ìpínlẹ̀ Anambra kan náà tí Onitsha wà.

Ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà: òṣùwọ̀n àfiwé

Obìnrin tí ó bá fura sí kóńgò tí wọ́n fi ń wọn ìrẹsì fún un kì í bá òǹtajà jiyàn lásán. Kóńgò tirẹ̀, tí ó mọ̀ pé ó pé, ni yóò gbé wá, yóò sì da ìrẹsì ti òǹtajà sínú rẹ̀. Ohun tí onímọ̀ kẹ́místrì ń ṣe nìyẹn. Kò sí ẹ̀rọ tí ó mọ paracetamol fúnra rẹ̀. Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe ni kí ó sọ bóyá ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ báyìí ń hùwà bí ohun tí wọ́n fi sínú rẹ̀ ṣáájú. Ohun àkọ́kọ́ yẹn, tí ó jẹ́ ojúlówó èròjà tí wọ́n ti fi oríṣiríṣi ọ̀nà rí i dájú pé ó mọ́, tí ó sì wá pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí, ni a ń pè ní òṣùwọ̀n àfiwé.

Ìwé ìlànà oògùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ń lò ni ó sọ bí ìfiwéra náà yóò ṣe lọ àti ibi tí ààlà wà. Ìwé ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fún àpẹẹrẹ, sọ pé èròjà gidi tí ó wà nínú hóró paracetamol kò gbọdọ̀ dín ní ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí wọ́n kọ sí i lára, kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 105 lọ. Èyí jẹ́ kí a mọ̀ pé àpọ̀jù náà jẹ́ àbùkù, nítorí pé oògùn tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe aláìsàn ní jàǹbá gẹ́gẹ́ bí èyí tí kò tó ṣe ń fi àìsàn sílẹ̀ lára rẹ̀.

Mímú àpẹẹrẹ

Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ kí oògùn tó dé yàrá àyẹ̀wò. Hóró kan tí wọ́n mú láti inú ẹgbẹ̀rún kò lè sọ̀rọ̀ fún gbogbo wọn, gẹ́gẹ́ bí ìyàwó ilé ṣe máa ń ro ọbẹ̀ dé ìsàlẹ̀ ìkòkò kí ó tó tọ́ iyọ̀ rẹ̀ wò. Olùyẹ̀wò yóò mú àpẹẹrẹ láti inú páálí púpọ̀ tí ó ní nọ́ńbà ìpele kan náà, ìyẹn nọ́ńbà tí ilé iṣẹ́ fi ń dá oògùn tí wọ́n ṣe pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà mọ̀, yóò kọ ibi àti ọjọ́ tí ó ti mú un sílẹ̀, yóò sì fi èdìdì dì í kí ẹnikẹ́ni má baà pààrọ̀ rẹ̀ lójú ọ̀nà. Bí ìgbésẹ̀ yìí bá bàjẹ́, kò sí ẹ̀rọ olówó ńlá tí ó lè tún un ṣe.

Ṣé hóró náà ń fọ́, ṣé ó sì ń yòrò?

Lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yẹ páálí, àkọlé àti àwọ̀ wò, wọn yóò wo ìwà hóró náà nínú omi. Hóró mẹ́fà ni wọ́n máa ń kó sínú ihò mẹ́fà tí ó ní àsẹ́ nísàlẹ̀, tí ẹ̀rọ ń rì bọ omi tí ó móoru ní 37°C, ìyẹn ooru ara ènìyàn, tí ó sì tún ń gbé wọn sókè. Hóró tí wọn kò fi nǹkan bò gbọdọ̀ fọ́ túútúú láàárín ìṣẹ́jú 15. Ayédèrú tí wọ́n tẹ̀ lé ara jù lè jókòó síbẹ̀ bí òkúta, irú rẹ̀ sì lè gba inú aláìsàn kọjá láìṣe iṣẹ́ kankan.

Ṣùgbọ́n fífọ́ yàtọ̀ sí yíyòrò, nítorí pé gaàrí náà ń fọ́n ká nínú omi láìyòrò, nígbà tí ṣúgà ń yòrò pátápátá, àti pé ohun tí ó bá yòrò nìkan ni ẹ̀jẹ̀ lè gbà. Nítorí náà, wọn yóò ju hóró kan sínú omi tí ó tó 900 mìlílítà, tí ìwọ̀n kíkan rẹ̀ kò yí padà, wọn yóò máa fi ìtukọ̀ kékeré rò ó ní ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, wọn yóò sì bu díẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú 30. Ìwé ìlànà ilẹ̀ Amẹ́ríkà béèrè pé, ó kéré tán, kí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún paracetamol ti yòrò nígbà náà. Oògùn kan lè ní èròjà gidi tí ó pé, kí ó sì kùnà níbí, bí wọ́n kò bá ṣe é dáadáa.

Títò èròjà lẹ́sẹẹsẹ: kíròmátógíráfì

Ìbéèrè tí ó kàn ni bóyá orúkọ tí ó wà lára páálí ni ó wà nínú hóró. Ọ̀nà tí wọ́n ń lò jù ni kíròmátógíráfì, orúkọ tí Mikhail Tswett, onímọ̀ ewéko ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà, fún un ní ọdún 1906. Ohun tí ó ṣe kò le: ó da omi ewé gba inú ọ̀pá dígí tí ó kún fún lúbúlúbú ẹfun, ó sì rí i pé àwọ̀ ewé kan ṣoṣo tí ojú ń rí pín sí ìlà àwọ̀ ewé àti ìlà pupa rúsúrúsú, nítorí pé àwọn èròjà kan di ẹfun mú ju àwọn mìíràn lọ. Ọmọ ilé ìwé tí ó bá kán tádáwà sí ìdí ṣọ́ọ̀kì, tí ó sì gbé e dúró sínú omi díẹ̀, yóò rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ bí omi ṣe ń fà gòkè.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ yóò yé ẹni tí ó bá mọ afárá Onitsha. Bí èrò méjì bá kúrò ní Asaba lẹ́ẹ̀kan náà, tí ọ̀kan kàn ń kọjá lọ sí Enugu, tí èkejì sì ń yà ní gbogbo ìsọ̀ láti ná ọjà, àkọ́kọ́ yóò ti dé Upper Iweka ní Onitsha tipẹ́ kí èkejì tó yọ. Nínú kíròmátógíráfì, omi tí ń ṣàn ni ó ń gbé èrò lọ, ohun tí omi náà ń gba àárín rẹ̀ kọjá ni ìsọ̀, bí èròjà kọ̀ọ̀kan bá sì ṣe fẹ́ràn ìsọ̀ tó ni yóò ṣe pẹ́ tó. Èròjà kan náà, lórí ọjà kan náà, pẹ̀lú omi kan náà, kì í yí ìwà padà.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù ni ti pẹpẹ tẹ́ẹ́rẹ́, tí ó wà nínú àpótí àyẹ̀wò kékeré tí àjọ kan ní ilẹ̀ Jámánì ṣe fún àwọn orílẹ̀-èdè tí kò ní ohun èlò púpọ̀. Wọn yóò lọ hóró náà, wọn yóò yọ́ ọ, wọn yóò sì fi irun dígí kán ẹ̀kán kan sí ìsàlẹ̀ pẹpẹ kékeré tí wọ́n fi iyanrìn funfun kíkúnná pa lára. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, wọn yóò kán òṣùwọ̀n àfiwé tí ó pé ìdá 100. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, èyí tí wọ́n dín kù sí ìdá 80. Nígbà tí omi bá ti fa gòkè tán, tí pẹpẹ náà sì ti gbẹ, lábẹ́ iná tí ojú kò lè rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, pẹpẹ yóò máa tàn ní àwọ̀ ewé, èròjà gidi yóò sì hàn bí àmì dúdú. Bí àmì oògùn ọjà bá dúró ní gíga kan náà pẹ̀lú àwọn àfiwé, èròjà náà ni. Bí ó bá ṣókùnkùn tó ti ìdá 100, ó tó. Bí ó bá fẹ́ẹ́ ju ti ìdá 80 lọ, kò tó. Bí kò bá sì sí àmì kankan, ìyẹ̀fun ni aláìsàn rà.

Ní yàrá àyẹ̀wò ńlá, ẹ̀rọ tí àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ ń pè ní HPLC ni ó ń ṣe iṣẹ́ yìí. Ó ń fi agbára púpọ̀ ti omi gba inú ọ̀pá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó kún fún hóró iyanrìn tí ó kéré ju ohun tí ojú lè rí, ó ń ka ìṣẹ́jú tí èròjà kọ̀ọ̀kan jáde, ó sì ń ya òkè kékeré sórí ìwé fún un. Ìṣẹ́jú tí òkè náà yọ ń sọ irú èròjà tí ó jẹ́, bí òkè náà ṣe tóbi tó sì ń sọ bí èròjà náà ṣe pọ̀ tó. Ìbátan rẹ̀, tí ó ń lo afẹ́fẹ́ dípò omi, tí ó sì ń fi ooru sọ àpẹẹrẹ di ooru-omi kí ó tó tì í gba inú ọ̀pá, ni wọ́n fi ń wá diethylene glycol nínú oògùn olómi, èyí tí kò gbọdọ̀ ju ìdá 0.10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú èròjà tí wọ́n fi ń pò ó.

Kíkà pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀

Ẹni tí ó bá gbé ife zobo sí ojú oòrùn mọ̀ pé bí ó bá ṣe ki tó ni ìmọ́lẹ̀ tí ń gbà á kọjá ṣe ń dín kù tó. Pierre Bouguer ní ọdún 1729, Johann Lambert ní ọdún 1760 àti August Beer ní ọdún 1852 ni wọ́n sọ àkíyèsí yìí di òfin: nọ́ńbà tí ó dúró fún bí omi kan ṣe gbé ìmọ́lẹ̀ mì tó ń pọ̀ sí i ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú kíki omi náà. Paracetamol kò ní àwọ̀ lójú ènìyàn, ṣùgbọ́n ó ń gbé oríṣi ìmọ́lẹ̀ kan tí ó wà lẹ́yìn àwọ̀ àlùkò òṣùmàrè mì.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọn yóò wọn hóró 20, wọn yóò lọ̀ wọ́n kúnná, wọn yóò sì bu ìyẹ̀fun tí ó yẹ kí 150 mílígíráàmù paracetamol wà nínú rẹ̀. Wọn yóò fi omi tí ó ní kọ́sítíìkì sódà díẹ̀ yọ́ ọ dé 200 mìlílítà, wọn yóò sẹ́ ẹ, wọn yóò bu 10 mìlílítà nínú rẹ̀ kí wọ́n fi omi kún un dé 100, wọn yóò sì tún bu 10 nínú ìyẹn, kí wọ́n fi omi sódà àti omi kún un dé 100 lẹ́ẹ̀kan sí i. Ohun tí ó kù nínú 100 mìlílítà báyìí jẹ́ 0.75 mílígíráàmù péré bí oògùn náà bá pé. Nígbà náà ni wọn yóò tan ìmọ́lẹ̀ tí ìgbì rẹ̀ jẹ́ 257 nanomítà gbà á kọjá. Ìwé ìlànà ti sọ nọ́ńbà tí irú omi bẹ́ẹ̀ gbọdọ̀ mú wá: fún oògùn tí ó pé, nǹkan bí 0.536 ni. Bí ẹ̀rọ bá kọ 0.375, ìṣirò yóò fi hàn pé ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó wà níbẹ̀, àti pé ẹni tí ó rò pé òun gbé 500 mílígíráàmù mì, 350 ni ó gbé mì.

Kì í ṣe gbogbo ìwọ̀n ni ó nílò iná mànàmáná. Fítámì C ń bá àyódíìnì jà títí ọ̀kan nínú wọn yóò fi tán, bí ìyẹ̀fun àgbàdo díẹ̀ bá sì wà nínú omi náà, àyódíìnì àkọ́kọ́ tí kò rí fítámì C bá jà mọ́ yóò sọ ìyẹ̀fun di dúdú bí aró. Olùyẹ̀wò tí ó ń kán àyódíìnì tí ó mọ agbára rẹ̀ yóò dúró ní ẹ̀kán tí àwọ̀ yẹn kò lọ mọ́. Mìlílítà kan nínú àyódíìnì tí ìwé ìlànà sọ dọ́gba pẹ̀lú 8.806 mílígíráàmù fítámì C, nítorí náà hóró 100 mílígíráàmù yóò gba nǹkan bí mìlílítà 11.4. Bí mìlílítà 5 bá ti tó láti sọ ọ́ di dúdú, ohun tí wọ́n tà kò tó ìdajì.

Ẹ̀rọ ọwọ́ tí ó ń tan ìmọ́lẹ̀ sí páálí

Ní ọdún 2010, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ sí lo ẹ̀rọ Truscan, tí ènìyàn lè fi ọwọ́ kan gbé lọ sí ọjà. Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ni ohun tí C. V. Raman rí ní ilẹ̀ Íńdíà ní ọdún 1928: bí ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ kan bá bọ́ lu nǹkan, èyí tí ó pọ̀ jù nínú èyí tí ó fọ́n ká yóò padà ní àwọ̀ kan náà, ṣùgbọ́n bíńtín nínú rẹ̀ yóò padà pẹ̀lú àwọ̀ tí ó yí díẹ̀, nítorí pé ó ti bá ìgbọ̀nrìrì inú nǹkan náà pàdé. Ìyípadà náà dà bí ilà ojú, èròjà kọ̀ọ̀kan ni ó ní tirẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi ilà tí ó rí wé èyí tí wọ́n ti kó pa mọ́ sínú rẹ̀, ó sì ń dáhùn láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí èròjà gidi bá kéré púpọ̀ láàárín èròjà ìkún, ó lè máà rí i, kò sì lè ka iye dáadáa. Aṣọ́nà ẹnu ibodè ni. Kì í ṣe adájọ́ ìkẹyìn.

Ooru, ọ̀tá tí kò lórúkọ lára páálí

Ìpalára kẹ́míkà ń yára bí ooru bá ṣe ń pọ̀ sí i. Aspirin tí ọ̀rinrin wọ inú rẹ̀ máa ń pín sí méjì, ọ̀kan nínú wọn sì ni èròjà kíkan inú fínígà. Ìdí nìyí tí ìgò aspirin tí ó ti pẹ́ fi máa ń rùn kíkan nígbà tí wọ́n bá ṣí i. Àwọn ilé iṣẹ́ mọ èyí, wọ́n sì máa ń kó oògùn wọn sínú yàrá tí ó gbóná tó 40°C, tí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún, fún oṣù 6, kí wọ́n lè sọ iye ọdún tí oògùn yóò lò. Ọjọ́ tí wọ́n kọ sí ara páálí jẹ́ ìlérí tí ó ní àdéhùn, àdéhùn náà sì ni pé kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ síbi tí wọ́n sọ. Páálí tí ó jókòó lábẹ́ páànù gbígbóná láti òwúrọ̀ di alẹ́ lè kú ṣáájú ọjọ́ rẹ̀, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe ayédèrú rẹ̀.

Àwọn àṣìlóye tí ó yẹ kí a mú kúrò

Àkọ́kọ́ ni pé oògùn tí ó korò ni ó dára. Ohun kíkorò pọ̀ láyé, aláyédèrú sì mọ bẹ́ẹ̀. Èkejì ni pé nọ́ńbà NAFDAC tí ó wà lára páálí ti tó. Ẹni tí ó lè tẹ orúkọ lè tẹ nọ́ńbà. Ìdí nìyí tí àjọ náà fi mú ètò jáde ní ọdún 2010 tí olùrà yóò fi máa họ ojú páálí, tí yóò sì fi nọ́ńbà tí ó rí ránṣẹ́ lórí fóònù. Ẹ̀kẹta ni pé oògùn tí kò tó kò lè ṣe ju kí ó má ṣiṣẹ́ lọ. Oògùn ibà tí ó jẹ́ ìdajì máa ń pa kòkòrò tí kò lágbára, ó sì ń fi àwọn tí ó lágbára sílẹ̀ láti bímọ, títí oògùn tí ó pé gan-an kò fi ní ran wọ́n mọ́.

Ẹ̀kẹrin ni ó burú jù, ìyẹn èrò pé ọjà kan tàbí ẹ̀yà kan ni ó ni ayédèrú. Ní ọdún 2025, Èkó, Aba àti Onitsha ni wọ́n tì pa pọ̀. Ẹ̀rọ HPLC kò mọ ìlú tí oògùn ti wá, kò sì mọ èdè ẹni tí ó tà á. Ohun tí ó wà nínú hóró nìkan ni ó ń kà. Àwọn òǹtajà olóòótọ́ tí ó wà ní Ogbogwu ni wọ́n ń jìyà jù nígbà tí ayédèrú bá kún ọjà, àyẹ̀wò tí kò ṣe ojúsàájú sì ni ohun kan ṣoṣo tí ó lè yà wọ́n sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀daràn.

Ohun tí ó kù sí ọwọ́ olùrà

Ìjọba ni ó ni ojúṣe láti fún àwọn yàrá àyẹ̀wò ní iná tí kì í kú, òṣùwọ̀n àfiwé tí kì í tán, àti òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kì í pẹ́, nítorí pé ẹ̀rọ tí kò ní àwọn wọ̀nyí kò yàtọ̀ sí àpótí irin. Ṣùgbọ́n olùrà náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Kí ó ra oògùn ní ilé apòògùn tí ó ní ìwé àṣẹ, kí ó gba ìwé ẹ̀rí owó, kí ó fi oògùn pamọ́ síbi tí ó tutù tí ó sì gbẹ, bí oògùn bá sì ṣe é ní ohun tí kò yẹ, kí ó mú un lọ sí ọ́fíìsì NAFDAC tí ó súnmọ́ ọn jù. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ó má da páálí nù títí oògùn yóò fi tán, nítorí pé nọ́ńbà ìpele tí ó wà lára rẹ̀ ni yàrá àyẹ̀wò yóò fi wá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tí ó ṣì wà ní ọjà kàn, kí ẹlòmíràn tó rà wọ́n.